Bọ́ọ̀sì afẹ́ sí àwọn ọ̀sọ̀rọ̀ omi Èkìtì: ṣé ó tó owó ẹ̀?

Ọ̀sọ̀rọ̀ omi Àrìnta nìkan tó owó tí mo san. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn torí àròyé mi pọ̀ nísàlẹ̀ níbí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnì kan ka ìdajì kó ní òun ò lọ mọ́.

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí. Bọ́ọ̀sì gbéra ní Adó-Èkìtì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gba apá Ìfàkì lọ sí dáàmù Èrò ní Ìkùn-Èkìtì, ó wá yípo padà lọ sùn ní Ìkógòsì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi gbígbóná Ìkógòsì ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ Àrìnta ní Ìpólé-Ìlóro, a la Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọjá, a sì parí ẹ̀ sí ọ̀sọ̀rọ̀ omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín, torí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà. Àwọn tó ń mú èèyàn rìn káàkiri Èkìtì kì í fẹ́ fi Olúmirin sílẹ̀. Mi ò bá wọn jà, màá sọ ìdí ẹ̀ tá a bá débẹ̀.

₦60,000 ni wọ́n gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀, ibùsùn àti oúnjẹ alẹ́ kan wà nínú ẹ̀, owó ẹnubodè ò sí nínú ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Èmi, màmá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá láti Èkó la jọ lọ, nínú oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa. Ẹ fi oṣù yẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ n yáa sọ ti Èrò kíákíá. Odò Èrò ni wọ́n dí, tí omi fi tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ láàárín igbó. Omi ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ìlú ní apá Àríwá Èkìtì sì ti ibẹ̀ ń wá. Kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ gan-an: kò sí àga, kò sí ibòji tí wọ́n kọ́, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò sì lè kàn yà wọbẹ̀ bí ẹni ń yà sọ́jà. Ilé-iṣẹ́ náà ti gba àṣẹ sílẹ̀ fún wa, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Àwọn ọmọdé tó wà nínú ọkọ̀ ń ráhùn pé kò sí nǹkan tí àwọn ń rí. Màmá ní tiwọn ò fẹ́ kúrò. Wọ́n ń wo àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ra ẹja ẹpìà tútù, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni pé fíríìjì ń bẹ nínú bọ́ọ̀sì. Òórùn ẹja yẹn bá wa dé Ìkógòsì.

Bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀: amúlétutù ò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ó wà. Táyà dára, dírẹ́bà sì dára ju gbogbo wọn lọ. Bàbá àgbà kan ni, ọmọ ilẹ̀, wọn kì í sáré ní kọ́nà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìtàwúrẹ́ sí Ẹ̀fọ̀n rí mọ ohun tí mò ń sọ: òkè lápá ọ̀tún, ọ̀gbun lápá òsì, kùrukùru á sì bo títì mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Bàbá sọ fún wa látìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn ò ní wà lójú ọ̀nà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò kó yáa yà á. A rí àwọn Amọ̀tẹ́kùn lójú ọ̀nà, wọ́n kí wa, wọ́n wo inú ọkọ̀, wọ́n ní ká máa lọ. Bí nǹkan ṣe rí lónìí, dírẹ́bà tó bá kọ̀ láti rìn lálẹ́ ni kí ẹ wá.

Láti Àrámọ̀kọ́ tẹ́ ẹ bá ti yà sí ọ̀nà Èrìnjíyàn ni ojú ọjọ́ ti máa yí padà. Kòkó ni lọ́tùn-ún lósì, obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ńlá ńlá tó ga ju wáyà iná lọ, kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà ń rùn lọ́nà tó ń mú mi rántí ilé bàbá mi àgbà. Ẹ sọ fún dírẹ́bà kó pa rédíò.

Ní Ìkógòsì, gbogbo ayé ló mọ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí tí wọ́n fi pàdé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ìyàwó ọdẹ kan náà ni àwọn méjèèjì, ìyáálé àti ìyàwó: èyí tí inú ń bí di gbígbóná, èyí tó jẹ́ onísùúrù di tútù. Ẹ̀gbọ́n mi bi ẹni tó ń sọ ìtàn pé kí ló wá dé tí ọdẹ náà kò di nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ohun tí wọ́n kọ káàkiri ni pé omi gbígbóná náà tó 70°C níbi tó ti ń sun, tó sì ń bọ̀ sí nǹkan bíi 37°C lẹ́yìn tí méjèèjì bá ti pàdé. Níbi ìpàdé yẹn ni Màmá jókòó sí, wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, wọ́n ní kí a máa lọ, àwọn ti dé ibi tí àwọn ń lọ. Tí ẹ bá ń mú àgbàlagbà dání, Ìkógòsì ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ sí. Ilẹ̀ tẹ́jú, igi ṣíji bò ó, ìrìn ò gùn. Ó dùn mí pé wákàtí kan péré ni wọ́n fún wa, lẹ́yìn tá a ti fi òru ọjọ́ kan sùn sítòsí ẹ̀ láìlè débẹ̀ torí wọ́n ti tilẹ̀kùn.

Wàyí o, Àrìnta.

Ìpólé-Ìlóro ò jìnnà sí Ìkógòsì rárá. Ọkọ̀ dúró, a sọ̀kalẹ̀, ọmọkùnrin kan láti ìlú náà mú àdá, ó ní ká tẹ̀lé òun. Àfinimọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ gbé wá láti Adó ò mọ̀ ju ohun tó wà lórí fóònù rẹ̀ lọ, ó ń kà á fún wa nínú bọ́ọ̀sì bí ọmọ iléèwé. Ọmọ Ìpólé yìí mọ gbogbo òkúta. Ó ń sọ pé "Màmá ọmọ, ẹ má tẹ ìyẹn, ó ń yọ̀," kí ẹsẹ̀ tó kan án. Ó fi ìrókò hàn wá, ó fi ibi tí ọ̀bọ máa ń gbà hàn wá, ó sì ní ká dákẹ́. A dákẹ́. Ariwo omi ni a kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé òjò ló ń bọ̀. Igbó wá ṣí lójijì, omi funfun ń já bọ́ láti orí àpáta dúdú, ó ń forí sọ òkúta, ó ń fọ́n sí wa lójú kí a tó sún mọ́ ọn. Ewédò bo àpáta náà tí ó fi tutù yọ̀yọ̀ lójú. Omi náà tutù débi pé ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń pariwo ooru láti Adó, fò jáde kíá.

Kò sí èrò níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ohùn tó ń dún gbì-gbì. Àwa nìkan, àti àwọn ọmọ ìlú méjì tó wá wẹ̀. Ìwọ̀nba àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ti ń bà jẹ́, ọwọ́ ìdìmú ti já níbìkan, ẹ ò gbọdọ̀ fara tì í. Ìjọba tó bá fẹ́ kí àlejò wá gbọ́dọ̀ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀wọ́ má da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀. Ọmọ ìlú yẹn la fún lówó ju bí wọ́n ṣe ní ká fún un lọ, ó tọ́ sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti bínú. Ìṣẹ́jú ogójì, wọ́n ti ń fun fèrè ọkọ̀. Kí ló kù tá a ń sáré lọ bá?

Ẹ̀fọ̀n ni. Mo gbà pé ebi ń pa wá. Iyán Ẹ̀fọ̀n ò ní kókó, ẹ̀gúsí náà dùn, ẹran ìgbẹ́ wà fún ẹni tó bá ń jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ìjọ CAC tó wà nínú ọkọ̀ fẹ́ yà sí ibi tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá, aṣáájú ìjọ wọn, sí lọ́dún 1959, àkókò ò gbà wọ́n láàyè. Àwọn náà gbọ́dọ̀ kọ tiwọn.

A dé Olúmirin nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Èrò bí ẹni pé ọdún iléyá ni, ike omi nílẹ̀, ọtí, orin. Omi náà ṣì lẹ́wà, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ìpele méje ni, ìtàn ìlú sì sọ pé Akínlá, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i. Ìdí tí mi ò fi bá àwọn aṣètò jà nìyí: abúlé Abàkẹ́ tó wà lókè ibẹ̀ bá Ẹ̀fọ̀n pààlà, ẹni tó bá gun gbogbo ìpele náà tán ti ń súnmọ́ ilé padà nìyẹn. Èkìtì wà lórí òkè, Ìjẹ̀ṣà ló ń gba owó ẹnubodè. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gun ìpele méje ní irọ̀lẹ́? Ìpele kìíní la dé, ẹ̀gbọ́n mi tiraka dé ìkejì, Màmá jókòó sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹja wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ilé-iṣẹ́ náà. Dírẹ́bà gba márùn-ún tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ká ní èmi ló ń ṣètò ẹ̀, màá yọ Èrò kúrò kó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìrìn-àjò tirẹ̀, torí ó jìnnà sí ìyókù. Màá fi gbogbo àárọ̀ Sátidé sí Àrìnta, màá sì fi Olúmirin sí ọjọ́ mìíràn, kí ẹni tó bá lókun lè bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láàárọ̀.

Ẹ lọ láàárín oṣù Agẹmọ sí Ọ̀wàrà. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á ti fà. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ mú owó tó wà lọ́wọ́ dání, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró ní Ìpólé, ẹ ò lè sọ fún ọmọ àfinimọ̀nà pé ẹ máa tiransífáà fún un. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè wákàtí mélòó ló ní níbi omi kọ̀ọ̀kan, ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀.