Slack nínú ilé iṣẹ́ tó ń ta àkókò

Ilé iṣẹ́ oníṣirò owó ni mo ń darí, àwa mẹ́rìnlá la sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọjà tí a ń tà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ lórí àtẹ di ọ̀la, nítorí pé àkókò wa ni: oníbàárà ń san owó wákàtí tí a lò lórí ìwé rẹ̀, wákàtí tí a kò bá sì rí ẹni kọ ọ́ sí lọ́rùn ti bọ́ sọnù nìyẹn. Bíi ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà la fi ń ka ọjọ́ wa, tó fi jẹ́ pé wákàtí kan jẹ́ ẹyọ 10, iṣẹ́ oníwákàtí 8 sì jẹ́ ẹyọ 80. Àṣà àtijọ́ ni. Agbẹjọ́rò ará Boston kan, Reginald Heber Smith, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú un wọ ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tiwa, ìlà kan wà tí a pè ní “ọ̀rọ̀ abẹ́lé”, ibẹ̀ ni a ń kọ gbogbo ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ fi bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ sí, tí a kò lè gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlà yẹn ni mo fi ń díwọ̀n Slack, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ̀wé sí ara wọn, láti ọdún mẹ́ta tí a ti ń lò ó, òun náà ni mo sì fi gbé àyẹ̀wò yìí kalẹ̀.

Àwọn tó ṣe Slack kò kọ́kọ́ gbèrò láti ṣe é. Ilé iṣẹ́ Stewart Butterfield ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Glitch, àwọn òṣìṣẹ́ wọn wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ṣe irinṣẹ́ kan tí wọn yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Eré náà kógbá sílé ní ọdún 2012, irinṣẹ́ náà ló yè. Wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé ní oṣù Kejì ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Salesforce sì rà á ní ọdún 2021. Mo mẹ́nu kan ìtàn yìí nítorí pé ó ṣì hàn lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo láti àárọ̀ di alẹ́ ló ṣe é fún ara wọn, kì í ṣe àwọn tó ní ogójì oníbàárà tí ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ti èkejì.

Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni channel, ìyẹn ojúlé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí àmì # máa ń wà níwájú orúkọ rẹ̀. A fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní channel tirẹ̀, a sì tì í, kó lè jẹ́ pé kìkì àwọn tó wà lórí iṣẹ́ oníbàárà yẹn ni yóò máa rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí Slack tó dé, ímeèlì ni a fi ń ṣe é: ọ̀gá á kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ kan, á fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mẹ́ta, ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn á dá ọ̀gá nìkan lóhùn, àwọn yòókù á sì máa bá iṣẹ́ lọ lórí àṣẹ tí ọ̀gá ti yí padà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ní ọdún tó kọjá, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àyẹ̀wò ìwé oníbàárà ńlá kan ṣàìsàn nígbà tí iṣẹ́ náà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tí mo fi rọ́pò rẹ̀ jókòó, ó ka channel oníbàárà náà láti òkè délẹ̀, nígbà tó sì di nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ó wá bá mi pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta péré. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí èmi fúnra mi kò ronú kàn: kí ló dé tí a ní ìwé báńkì oṣù mọ́kànlá lọ́wọ́ dípò méjìlá? Ká ní inú ímeèlì ẹni tó wà lórí àìsàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn wà ni, odindi ọjọ́ kan là bá fi máa wá wọn kiri.

Thread, tó ń so ìdáhùn mọ́ ìbéèrè tó bí i, wúlò bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù méjì ló gbà kí àwọn ènìyàn mi tó jáwọ́ nínú kíkọ ìdáhùn sí ìsàlẹ̀ channel, níbi tí ó ti ń pàdé ìbéèrè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ti àpótí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀, ó yára, ó sì ń rí ohun tí a ń wá. N kò ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ ni ti mímọ̀ bóyá ẹni tí a kọ̀wé sí ti kà á. Slack kò ní àmì tó ń fi hàn pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀, irú èyí tí WhatsApp ní. Àwọn kan kà á sí àǹfààní, pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣọ́ ẹnikẹ́ni, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan kọ ọ́ sínú channel ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí oníbàárà, àbí kí n ṣì dúró?” Àgbà mẹ́ta ló wà nínú channel náà, èmi sì jẹ́ ọ̀kan. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kà á. Oníkálukú wa gbà pé ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù yóò ti dáhùn, ọmọ náà sì dúró títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ pè láti béèrè ìròyìn rẹ̀. N kò lè dá irinṣẹ́ lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ gbangba fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.

Àwòrán kékeré la fi tún un ṣe. Slack ń jẹ́ kí ènìyàn lẹ àwòrán mọ́ abẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ, a wá fi ẹnu kò pé ẹni tó bá lẹ àwòrán ojú méjì mọ́ ìbéèrè ti gbà á sọ́rùn nìyẹn: òun ni yóò dáhùn kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ dá sí i mọ́. Bó bá ti yanjú rẹ̀, á lẹ àmì pé ó ti tán mọ́ ọn. Bí ìbéèrè kò bá ní ojú lábẹ́ títí di aago méjìlá ọ̀sán, ẹni tó béèrè ní àṣẹ láti dárúkọ ẹnì kan pàtó kó sì ní kí ó dáhùn, kódà bó jẹ́ èmi. Apá ìkẹyìn yìí ló le jù, nítorí pé ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ kó dà bíi pé òun ń rán àgbà létí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn kí ẹnì kan ṣoṣo tó gbìyànjú rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni ariwo. Bí ènìyàn bá kọ @channel, gbogbo ẹni tó wà nínú ojúlé náà ni yóò gba ìfitónilétí. @Here ní tirẹ̀ ń pe kìkì àwọn tó wà lórí Slack lákòókò náà. Ìyàtọ̀ méjèèjì kò kéré, síbẹ̀ ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. (Mo ti rí ẹni tó fi @channel béèrè ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìṣirò òun.) Ó ṣeé ṣe fún ẹni tó ń darí rẹ̀ láti dín àwọn tó lè lo irú ìpè bẹ́ẹ̀ kù, kí ẹ má sì fi falẹ̀ bí mo ti fi falẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣirò owó: bí ìbéèrè 10 bá dá òṣìṣẹ́ kan dúró lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ẹyọ kan péré, ìṣẹ́jú 60 ti lọ, fún àwa mẹ́rìnlá, wákàtí 14 nìyẹn lójúmọ́ kan, ó sì ju ohun tí òṣìṣẹ́ kan lè ṣe lọ́jọ́ kan ààbọ̀. A kò tíì ka ìṣẹ́jú tí ọkàn fi ń padà sórí ìṣirò tó já lójijì mọ́ ọn.

Lóòótọ́, Slack ní ohun tí a fi ń pa ariwo náà. Ènìyàn lè yan wákàtí tí ìfitónilétí yóò máa wọlé, ó lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò gba ìdílọ́wọ́. Kò sí èyí tí yóò ṣiṣẹ́ nínú wọn níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá gbà pé inú yóò bí ọ̀gá bí òun kò bá dáhùn lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo ní láti sọ ọ́, kí n sì tún máa ṣe é lójú wọn, pé aago mọ́kànlá òwúrọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a ń ka Slack, pé ohun tó bá jẹ́ kánjúkánjú ní tòótọ́, kí wọ́n pe ẹni tó kàn lórí fóònù. Nígbà tó yá, àwọn ìbéèrè náà dín kù fúnra wọn, nítorí pé ẹni tó mọ̀ pé aago mẹ́rin ni ìdáhùn yóò tó dé máa ń kọ́kọ́ ṣí ìwé iṣẹ́ ọdún tó kọjá wò, ó sì sábà máa ń bá ìdáhùn níbẹ̀.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Mo jẹ́ ẹni tí èrò máa ń sọ sí lọ́kàn lóru. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní aago mọ́kànlá, mo kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ kan pé: “Ṣé iye tí a kọ fún gbèsè tí kò ṣeé gbà mọ́ yẹn tọ̀nà?” Kí n má baà gbàgbé ni mo ṣe kọ ọ́. Nígbà tí mo jí, tábìlì oníìlà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló pàdé mi, aago kan òru kọjá ni ó fi í ránṣẹ́. N kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ibo ni yóò ti mọ̀? Ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, òun ló ń jẹ́ kí a yan wákàtí tí ọ̀rọ̀ náà yóò lọ, láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo èrò òru mi sì ti ń dúró di aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 2017, òfin ní kí ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 50 jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ wọn láti pa ẹ̀rọ iṣẹ́ tì lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́. Fún ènìyàn mẹ́rìnlá, ọfà yẹn tó.

Huddle, tí a fi ń fi ohùn bá ara wa sọ̀rọ̀ láti inú channel, dára fún ọ̀rọ̀ tí kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, bí ẹnì kan bá lè kọ ìlà méjì sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nípa ohun tí a pinnu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ìbáwí kò sí lára ohun tó yẹ kó gba orí Slack kọjá, ìyìn pàápàá sì lè ṣìnà níbẹ̀. Àgbà kan wà láàárín wa tó máa ń dá gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i lóhùn pé “Mo ti rí i.” Bó bá sọ ọ́ lójúkojú, ìyìn ni, nítorí pé á mi orí, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, òṣìṣẹ́ tuntun kan fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbà pé inú àgbà náà kò dùn sí iṣẹ́ òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ìṣirò wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wákàtí rẹ̀ sì ń lé sí i. Inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni mo ti fura. Láti ìgbà náà ni a ti fi ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti àgbà rẹ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wojú ara wọn, láìsí kọ̀ǹpútà láàárín wọn.

Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò bá irú iṣẹ́ wa mu. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 90 tó kẹ́yìn nìkan ni ó ń fi hàn, èyí tó bá sì ju ọdún kan lọ, wọn yóò pa á rẹ́, nígbà tí iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé ń béèrè pé ká tọ́jú ẹ̀rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kódà lórí ẹ̀dà olówó, ohunkóhun tó bá jẹ́ ìpinnu, a ń kọ ọ́ sínú fáìlì oníbàárà kí ọjọ́ náà tó parí. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ń sanwó fún Microsoft 365 tí Teams, irú irinṣẹ́ yìí ti Microsoft, wà nínú rẹ̀, kò ní ìdí tó lágbára tí yóò fi tún san owó kejì. Ní ti WhatsApp, mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré ń lò, ó sì rọrùn. Àmọ́ inú fóònù òṣìṣẹ́ ni ìwé oníbàárà ń gbé, bí òṣìṣẹ́ náà bá sì lọ, ìwé bá a lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Slack, a ó sì tún owó rẹ̀ san fún ọdún tó ń bọ̀. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ńṣe ni ìlà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ga sí i, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa irinṣẹ́ náà tì. Ìgbà tí a fi ìgbà méjì tí a ń ka Slack lójúmọ́ àti òfin ojú méjì yẹn lélẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ìlà náà ṣì wà nínú ìwé wa, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ báyìí ni ogún ìṣẹ́jú ojúkojú yẹn, tí kò ti ẹnu mi jáde rí pé kí wọ́n dín in kù.