"Inú ọgbà" tí wọ́n tà fún wa, ẹ̀yìn géètì ló wà: àgbéyẹ̀wò ìrìnàjò sí Etosha

Ọ̀rọ̀ méjì ló mú mi kọ èyí: "inú ọgbà". Ohun tí ájẹ́ǹtì wa ní Adó-Èkìtì kọ sórí rìsíìtì nìyẹn: òru mẹ́ta nínú ọgbà ẹranko Etosha, ní Nàmíbíà. Ilé ìtura tí wọ́n gbé wa sí, ẹ̀yìn Géètì Anderson ló wà, níta ọgbà. Ẹni tí kò mọ Etosha lè ní kí ló wá ṣe. Bí oòrùn bá yọ ni wọ́n ń ṣí géètì, bó bá ti wọ̀ wọ́n á tì í, àlejò tó ń sùn níta gbọ́dọ̀ ti jáde. Láti ibùdó Okaukuejo tó wà nínú ọgbà sí géètì tó kìlómítà 17, eré ò sì gbọdọ̀ ju 60 lọ. Ẹ ó ti yí mọ́tò padà nígbà tí ẹranko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́ bọ̀ wá mumi. Àfi bí ẹni sanwó Ìkógòsì tí wọ́n ní kó máa ti Adó lọ wẹ̀.

Mo tẹ ájẹ́ǹtì láago. "Ẹ má bínú, Dádì, Etosha náà ni gbogbo ẹ̀." Mo ní kó ka rìsíìtì sí mi létí. Ó kà á dé "inú", ló bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún pè kí ọ̀gá ẹ̀ tó gbé e: yàrá inú ti kún tipẹ́. Oṣù Keje ni, mo gbà. Láti Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹwàá ni omi máa ń gbẹ nínú igbó, tí ẹranko á kó jọ síbi kòtò omi tó kù. Lásìkò òjò wọ́n á fọ́n ká. Ṣùgbọ́n bó bá kún, kí lẹ tà fún wa? Ìwé ìpolówó wọn tún ya ẹfọ̀n àti erinmi. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì ní Etosha.

Dírẹ́bà tí wọ́n bá wa háyà, ó mọṣẹ́. Ó yẹ sípíà táyà wò, ó dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ nítorí òkúta wẹ́wẹ́. Kì í lé ẹranko kiri: á paná mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi, á dúró fún wákàtí kan gbáko. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí àgùnfọn tó ń ya ẹsẹ̀ iwájú kó tó lè mumi.

Òun náà ló ní ká lọ bẹ̀bẹ̀ fún yàrá ní Okaukuejo. Obìnrin tó wà ní káńtà wo ìwé, ó ní ká padà wá láago mẹ́rin, bóyá ẹnìkan ò ní wá. Ẹnìkan ò wá lóòótọ́. Ó gba owó òru kan, ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ó ní ká mú búláńkẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ gbọ́ tiẹ̀ o: ọyẹ́ Èkìtì, eré ọmọdé ni.

Iná wà lójú omi níbẹ̀ ní gbogbo òru, ògiri kékeré ló wà láàárín ẹ̀yin àti ẹranko. Àgbáǹréré méjì jáde látinú òkùnkùn, wọ́n bá erin nídìí omi. Erin fẹ etí. Àgbáǹréré ò yẹ̀. Gbogbo wa tó jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Èyí kọjá "mo rí nǹkan fìrí".

Máàkì Etosha: 5 nínú 5. Owó òru kan tí mo yọ lápò ara mi, ájẹ́ǹtì ò tíì dá a padà.