Ike ìdérí búlúù tí mo fi ń mú kí sẹ́ẹ̀lì dì nínú fìríìsà

Ọmọ IT tó kọ́kọ́ rí ike yìí lórí tábìlì mi ní lábù wa l'Òṣogbo níbí bi mí bóyá oúnjẹ mi ló wà nínú rẹ̀. Kò jẹ̀bi. Ó jọ fúláàsì ìrẹsì lóòótọ́.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun là ń kó sí i, àwọn tó ń bá àrùn jà lára wa, kí a lè fi òtútù tọ́jú wọn títí a ó fi lò wọ́n. A ó pò wọ́n mọ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù ìdá 90 nínú 100 àti DMSO, kẹ́míkà olómi tí kì í jẹ́ kí yìnyín ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ìdá 10, a ó pín wọn sínú ìgò ike kéékèèké, a ó sì yára, torí DMSO ò dáa fún wọn tó bá pẹ́ lára wọn láìtíì sí òtútù. Ihò 18 ló wà nínú ike náà, ọtí isopropanol (kì í ṣe mímu o) mílílítà 250 sì wà nísàlẹ̀. Bó o bá gbé e sínú fìríìsà tó tutù dé dígírì -80, ọtí yẹn ni kò ní jẹ́ kí òtútù já lu sẹ́ẹ̀lì lójijì. Bíi dígírì kan ni yóò máa fi tutù sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Omi inú sẹ́ẹ̀lì á lè ráyè jáde. Bó bá di yìnyín síbẹ̀, ńṣe ni á gún awọ sẹ́ẹ̀lì bí abẹ.

Inú páálí fóòmù tá a fi òwú kún là ń kó wọn sí tẹ́lẹ̀. Lónìí á dáa, lọ́la á bàjẹ́. Ike yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí èmi fúnra mi bà á jẹ́. Ìwé tó bá a wá ní kí n da ọtí nù lẹ́yìn ìgbà márùn-ún. Ọtí wọ́n, mo bá lò ó dé ìgbà kẹsàn-án. Ọjọ́ tí mo yọ́ ìgò kan nínú omi dígírì 37, tí mo kán aró búlúù kan tí wọ́n ń pè ní trypan blue sí i, tí mo wojú maikirosíkóòpù, aró ṣáá ni mò ń rí! Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kì í gba aró yẹn wọlé, á máa dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Òkú ló ń mu ún. Òṣogbo ìlú aró ni wá o, ṣùgbọ́n kì í ṣe aró yìí là ń fi yangàn.

Pé wọ́n wà láàyè náà ò tíì tó. Mo ti rí èyí tó ń dán tí kò lè jà rárá nígbà tí mo tọ́ ọ níjà. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sinmi mọ́jú ní dígírì 37 báyìí kí n tó dán wọn wò.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ṣeé lò, torí ọtí gbọ́dọ̀ kúrò nínú òtútù pátápátá kó o tó tún lò ó. Ìdérí rẹ̀ sì máa ń le bí òkúta láàárọ̀. Aṣọ ìnura ni mo fi ń ṣí i. Bí iná bá lọ lóru, wàhálà tìẹ nìyẹn. Bílẹ̀ bá sì ti mọ́, kó wọn lọ sínú àgbá náítírójìn olómi, tó tutù dé -196. Bí wọ́n bá pẹ́ ní -80, agbára wọn á máa dín kù.

Mo tún máa ra ìkejì. Mo ti lẹ plásítà mọ́ ìdí èyí, mo ń fi bírò fa ìlà kan sí i nígbàkígbà tí mo bá lò ó. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí.