Chardin tàbí Morandi?

Nínú àwọn ayàwòrán méjì yìí, ta ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán yíyà kọ́kọ́ wò? Àwọn méjèèjì ló ya ohun ìlò ilé sórí kánfáàsì kékeré, àmọ́ ọ̀nà wọn jìn síra. Chardin (1699–1779), ará Paris, ya ìkòkò bàbà, ẹyin, àlùbọ́sà àti ife omi. Bó ṣe yà wọ́n, ó ń ṣe èèyàn bíi kó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìgò àti agolo kan náà ni Morandi (1890–1964) ń tò, tó ń tún tò, ní yàrá rẹ̀ ní Bologna, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Ó máa ń kun àwọn kan lọ́dà kí wọ́n má baà dán, ó sì ń jẹ́ kí eruku bò wọ́n. Àwọn arábìnrin rẹ̀ tó ń bá a gbélé mà ní sùúrù o!

Irú ẹja tí Chardin máa ń yà á ti jẹrà kí olùbẹ̀rẹ̀ tó yà á tán. Morandi ni màá ní kó kọ́kọ́ wò.