Ọdún kan pẹ̀lú àwọn tó ń sáfíìsì AC wa n'Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n ti orí omi bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ìyàwó mi jí mi láàárín òru pé òjò ń wọlé, mo ní òjò wo nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, àṣé AC yàrá ni, ó ń ro tótó sórí bẹ́ẹ̀dì, omi ń ṣàn lára ògiri, pẹ́ńtì ti ń wú. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀ bí ilé tí páànù ẹ̀ ń jò. Òru ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, oníṣẹ́ tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ò ní fọwọ́ kan AC mi mọ́.

Torí bàbá yẹn, gáàsì ni gbogbo àìsàn AC lójú ẹ̀. AC ò tutù, gáàsì ti tán. AC ń pariwo, gáàsì ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rọ gáàsì sí AC páálọ̀ láàárín oṣù mẹ́wàá, ₦30,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o, ohun tó sì ń ṣe ò ju kó so gééjì mọ́ ọn, kó tú sílíńdà, kó fọwọ́ kan páìpù, kó wá ní "Ọ̀gá, ó ti mú", èmi náà á sì sanwó, màá tún fún un lówó ọkọ̀.

Ọmọ ibi iṣẹ́ mi kan ló fún mi ní nọ́ńbà àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, ká má lọ rò pé wọ́n sanwó fún mi, wọ́n sì ní ẹ̀bi tiwọn tí màá sọ. Ètò wọn ni pé wọ́n á máa wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin lọ́dún, AC méjì (páálọ̀ 1.5 HP, yàrá 1 HP), ₦72,000 fọ́dún kan, kéèyàn san ìlàjì kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ní kí n máa pe èèyàn fúnra mi, ₦10,000 ni wọ́n ń gbà lórí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ládùúgbò wa, ₦80,000 nìyẹn lọ́dún, torí náà ẹ̀dínwó ibẹ̀ ò tó nǹkan. Kì í ṣe torí owó ni mo ṣe ṣe é.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́wàá ni wọ́n dá, aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n dé. Mo ti ń bínú. Àwọn ọmọkùnrin méjì ni, èyí àgbà wọn kí wa tán, ó ní, "Dádì, ìgbà wo lẹ fọ fíltà ẹ̀ kẹ́yìn?" Mo dákẹ́. Fíltà wo? Mi ò mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n máa fọ̀ ọ́. Ó ṣí iwájú AC yàrá, ó fa nǹkan yẹn jáde, ẹ ò rí eruku, ó nípọn bí aṣọ òfì! Ìyàwó mi ní kí wọ́n má gbọ̀n ọ́n nù nínú ilé o. Wọ́n pa bíréékà, wọ́n fi ọ̀rá ńlá kan wé abẹ́ AC, wọ́n na ẹnu ọ̀rá náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ń fi pọ́ǹpù kékeré fín omi sínú ẹ̀, omi tó jáde dúdú bí omi aró. Páìpù tó yẹ kó máa gbé omi lọ síta, ìdọ̀tí ti dí i pa, èyí tí wọ́n fẹ́ jáde níbẹ̀ ń yọ̀ bí ewédú. Ìyẹn ló ń da omi lé wa lórí. Ọmọ yẹn ṣàlàyé pé tí fíltà bá ti dí, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè kọjá, inú AC á máa di yìnyín, tí yìnyín bá yọ́, omi á pọ̀ ju èyí tí páìpù lè gbé lọ. Kò sí gáàsì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà rárá!

Ti páálọ̀ ló wá dùn mí jù. Ó ní gáàsì AC kì í tán bíi gáàsì ìdáná, pé inú páìpù náà ló ń yí kiri, ó ń gbé ooru inú ilé lọ síta, ó ń padà wá, tó bá ti dín kù, a jẹ́ pé ó ń jò níbì kan. Wọ́n fi kànìnkànìn gbo ọṣẹ sára nọ́ọ̀tì tó so páìpù mọ́ èyí tó wà níta, kíá ló ti ń hó. Ìgbà mẹ́ta tí wọ́n rọ gáàsì sí i, inú ajádìí agbọ̀n ni mò ń bu omi sí. Ó tún pè mí kí n wá ka ohun tí wọ́n kọ sára AC níta, R410A ni irú gáàsì tó ń lò, mo sì rántí sílíńdà tí oníṣẹ́ àtijọ́ máa ń gbé wá dáadáa, R22 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, irú gáàsì mìíràn nìyẹn, àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé, òróró tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ wọn (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri) ń lò gan-an yàtọ̀. Ẹ ṣáà gbà mí. Wọ́n dà á nù pátá, wọ́n gé ẹnu páìpù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n so ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní vacuum pump mọ́ ọn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú ẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé sílíńdà lé òṣùwọ̀n, wọ́n wọn gáàsì sí i bí ẹni wọn gaàrí. ₦45,000 nìyẹn lọ́tọ̀, kò sí nínú ètò. Ó ká mi lára, àmọ́ láti ọjọ́ náà títí dòní ẹnikẹ́ni ò rọ gáàsì sílé mi mọ́.

Ẹ̀bi tiwọn wá ńkọ́? Wọn ò mọ àkókò, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n pẹ́. Lóṣù keje wọ́n rán àwọn ọmọ mìíràn wá, àwọn yẹn lọ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, wọ́n doju ẹ̀ kọ AC níta, gbogbo páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ráyè. Mo pariwo lórí fóònù débi tí aládùúgbò fi yọjú. Ọ̀gá wọn fúnra ẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀ mí, ó mú ìyàrun kékeré kan báyìí, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ya á ní ìlà ní ìlà bí ẹni fẹ́ dirun fọ́mọ. Ó lé ní wákàtí kan. Wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n máa ta nǹkan féèyàn, lọ́fínńdà AC lónìí, oògùn kòkòrò lọ́la, ₦15,000, mi ò rà.

Ibi tí mo ti gbóṣùbà fún wọn ni oṣù kọkànlá. AC páálọ̀ ń kùn hùùùn, kò gbéra. Mo ti gbà pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti kú, mo ti ń ṣírò owó AC tuntun. Kápásítọ̀ ni, nǹkan kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra, ₦9,000, ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n wọn iná wa nírọ̀lẹ́, 170 volts, wọ́n ní kí n má tan ti páálọ̀ nígbà tí iná bá ti lọ sílẹ̀ báyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ, wọn ì bá ti rẹ́ mi jẹ níbẹ̀.

Ní ti owó iná, Band A la wà, ìpele àwọn tó ń rí iná jù, tí owó tiwọn sì wọ́n jù, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe gbé e sí ₦225 fún kílówáàtì wákàtí kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n wá dín in kù díẹ̀. Káàdì ₦20,000 tó máa ń tán láàárín ọjọ́ mọ́kànlá ti ń tó bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àmọ́ òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, a sì ti kúrò lórí dígírì 16, orí 24 la fi AC sí báyìí (àwọn ọmọ ṣì ń jí rìmóòtù gbé), torí náà mi ò lè ní sáfíìsì nìkan ló ṣe é.

Àbúrò mi tó wà ní Manchester fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní lọ́dọ̀ àwọn, láńlọ́ọ̀dù tó bá fi ilé tó ń lo gáàsì (irú ti ìdáná, kì í ṣe ti AC) háyà gbọ́dọ̀ mú ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Gas Safe, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tí òfin fọwọ́ sí, wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Mo ní láńlọ́ọ̀dù tiwa ò tíì tún géètì ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba irú ètò yìí, oṣù mẹ́ta ò tó fún fíltà o, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń fọ tiwa lọ́sẹ̀ méjì méjì, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọyẹ́ bá dé, omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ díẹ̀, kó sá a síbòji, oòrùn máa ń ká a kò.

Wọ́n ti sọ ọ́ di ₦84,000 báyìí. Mo san ₦42,000 àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ẹ̀rọ ìfọmọ́tò ò gbọdọ̀ wọ ọgbà mi mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi ní òun ò tíì fọkàn tán ẹnikẹ́ni.