Ilé iṣẹ́ lọ́yà ọ̀fẹ́ fún obìnrin tó sá kúrò nínú ìjọ ẹlẹ́tàn: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí lára wọn ni pé wọn ò bi mí léèrè ìgbàgbọ́. Gbogbo ẹni tí mo ti sọ̀rọ̀ yìí fún ló ń fẹ́ mọ bí mo ṣe jẹ́ kí olórí ìjọ rí mi mú. Lọ́yà wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní tiẹ̀ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló gba ìwé ìrìnnà yín? Ọwọ́ ta ni owó iṣẹ́ yín ń lọ? Kí ni wọ́n ní àwọn máa ṣe bí ẹ bá lọ?"

Mo ní wọ́n ká mi sórí fídíò níbi tí mo ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, pé àwọn á gbé e síta. Ó ní kí n dúró níbẹ̀ ná. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ làwọn obìnrin inú NXIVM, ẹgbẹ́ kan tó dà bí ìjọ ẹlẹ́tàn ní Amẹ́ríkà, fi dógò. Kíkó ènìyàn ṣòwò ìbálòpọ̀ wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi dá olórí ẹgbẹ́ náà, Keith Raniere, lẹ́bi lọ́dún 2019. Lọ́dún 2020, ẹ̀wọ̀n 120 ọdún ni wọ́n fún un. Ohun tó ṣe ni wọ́n bá a ṣẹjọ́ lé lórí, ẹnikẹ́ni ò dá sí ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni.

Fọ́ọ̀mù wọn kù díẹ̀ káàtó. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí èmi àti ẹni tó ṣe mí ní jàǹbá ṣe jẹ́ síra, ọkọ wà níbẹ̀, ọkọ tẹ́lẹ̀ wà, ìbátan wà. Olórí ìjọ ò sí. "Òmíràn" ni mo mú. Lọ́yà ní òfin pàápàá rí bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2015 tó de ẹni tó ń ká ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò, lọ́kọláya, olólùfẹ́ àti mọ̀lẹ́bí nìkan ló mọ. Ti Faransé, ti 2001, gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n mọ bí a ti ń pa àṣírí mọ́. Wọn ò fi orúkọ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sórí fóònù mi rí. Wọ́n ní n má pa ohùn WhatsApp kankan rẹ́, kí n má sì fèsì. (Nígbà tí olórí ìjọ pè mí ní Júdásì, ọwọ́ ń yún mi gan-an ni.) Àṣẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n má sún mọ́ mi ti wà lọ́wọ́ mi, fídíò náà ò sì tíì jáde.

Ohun tí mo fi yọ ìràwọ̀ kan nìyí: bí mo bá pè, ẹlòmíràn ló ń gbé e, mo sì tún gbọ́dọ̀ rò ó látìbẹ̀rẹ̀, títí kan ibi tí mi ò fẹ́ fẹnu kàn mọ́. Wọ́n á ní fáìlì mi wà ńlẹ̀. Kí wá ni fáìlì ọ̀hún ń ṣe? Bí ẹ bá lọ, ẹ gba orúkọ lọ́yà tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ yín, kí ẹ sì taku pé òun lẹ fẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe báyìí nìyẹn, wọn ò sì bínú.