Lẹ́sìn ìṣirò orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Under G: tíṣà dára, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀yìn hándáàtì

Ọjọ́ kejì tí mo dé kíláàsì, tíṣà kọ ₦5,000 sójú bọ́ọ̀dù, ó kọ ₦5,001 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá yíjú sí mi. "Mọ́mì POS, ẹ̀yin lẹ mọ èyí jù wá lọ. Tí èèyàn bá fi owó yìí ránṣẹ́, èló ni báńkì ń yọ? Èyí ńkọ́?" Mo ní ₦10 ni ti àkọ́kọ́, àmọ́ tí náírà kan péré bá ti lé e, ó di ₦25. Ó ní kí n wá yà á. Èmi ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, tí n kò fọwọ́ kan máàkà rí, mo fa ìlà gbọọrọ kan sísàlẹ̀, mo gbé ọwọ́, mo tún fa òmíràn sókè rẹ̀. Ó ní, "Ibi tí ẹ ti gbé ọwọ́ yẹn, Mọ́mì, ibẹ̀ ni fọ́ńṣọ̀n náà ti já." (Fọ́ńṣọ̀n ni òfin tí ẹ bá fún ní nọ́ńbà kan, á dá nọ́ńbà kan ṣoṣo padà fún yín.) Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń ka kọ̀ntinúítì, ìyẹn kí ìlà fọ́ńṣọ̀n máa lọ láìjá, nílé tí kò wọ̀ mí lórí. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. POS ni mò ń ṣe lọ́nà Arówómọ́lé, mo sì ń ta omi inú ọ̀rá àti káàdì mọ́ ọn. Mo tún padà sílé ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ akáńtì ní páàtì-táìmù. Ìṣirò ọdún kìíní ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan, lórí fọ́ńṣọ̀n, límíìtì (iye tí fọ́ńṣọ̀n ń sún mọ́) àti kọ̀ntinúítì náà ni. Ọmọ kan tó máa ń wá gbowó lọ́dọ̀ mi ló júwe lẹ́sìn yìí fún mi.

Gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ Under G. Láti ìgbà tí yunifásítì LAUTECH ti dé ní 1990 ni àdúgbò náà ti di ti akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí òpó iná tí wọn ò lẹ bébà lẹ́sìn mọ́. Èyí tí mò ń sọ kò lẹ bébà kankan. Yàrá kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga débi pé mo máa ń dúró sinmi láàárín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, aago márùn-ún sí méje. Mo san ₦6,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ₦1,500 sì ni hándáàtì, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà á.

Tíṣà yìí ò lè ju ọmọ mi àkọ́bí lọ púpọ̀, àmọ́ "ẹ" ni mò ń fi bá a sọ̀rọ̀, torí pé òun ni máàkà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé kì í dá ọ̀rọ̀ sọ lọ bí ẹni ń wàásù. Ó máa ń ṣàlàyé fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó di ìbéèrè mẹ́wàá, ẹni tí kò bá tíì ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò ní sọ̀kalẹ̀. Ó ń rìn láàárín wa, ó ń wo ìwé kálukú. Tó bá rí àṣìṣe, kò ní sọ ibi tó wà. Á kàn fi bírò gbá ojú ìwé pẹ́pẹ́, á sì lọ.

Inú òwò tiwa ló ti ń mú ìbéèrè. Ní ọjọ́ kejì yẹn, a ò fi ₦5,000 mọ. Ó ní kí a tún wo ₦10,000, níbi tí Òfin Ìnáwó 2020 ti gbé ₦50 kalẹ̀ lórí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ₦10,000 sókè. Àtẹ̀gùn mìíràn nìyẹn. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníbàárà mi ti ń ní kí n pín owó sí ₦9,900 lọ́nà méjì, mo sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibi tí fọ́ńṣọ̀n ti já ni wọ́n ń sá fún! (Ẹ̀yin tó ń bi mí pé kí ló dé tí 10.75 tàbí 26.88 fi ń jáde nínú ìwé báńkì yín: VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi lé ₦10 àti ₦25 yẹn.)

Ti límíìtì, ó fi télọ̀ ṣe é. Owó ṣọ́ọ̀bù ₦40,000 lóṣù, òwú, bọ́tìnì àti iná ₦1,200 lórí aṣọ kan. Tí télọ̀ bá rán aṣọ mẹ́wàá, ₦5,200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ná an. Tó bá rán ọgọ́rùn-ún, ₦1,600. Tó bá rán ẹgbẹ̀rún, ₦1,240. Owó ṣọ́ọ̀bù ń pín kiri títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́, àmọ́ òwú ò lè di ọ̀fẹ́, nítorí náà ₦1,200 ni límíìtì rẹ̀. A ó máa sún mọ́ ọn, a ò ní dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ nínú kíláàsì pariwo pé, "Ẹgbẹ̀rún aṣọ lóṣù kan! Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀gá mi má gbọ́ o."

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti èlé. Ó ní ká fi ₦100,000 sí ibì kan tó ń fúnni ní èlé ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Kò sírú ibẹ̀ o, ẹni tó bá ní òun ní i, ẹ sá fún un. Tí wọ́n bá ka èlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó di ₦200,000. Lẹ́ẹ̀mejì, ₦225,000. Lóṣooṣù, ó lé díẹ̀ ní ₦261,300. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé tí wọ́n bá ń kà á lójoojúmọ́, ní wákàtí-wákàtí, owó yẹn á kan sánmà. Mo tẹ kakulétọ̀ títí, ti ojoojúmọ́ ò ju bíi ₦271,457 lọ. Bí a bá sì pín ọdún náà sí ìṣẹ́jú àáyá pàápàá, kò ní kọjá ₦271,828 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Tíṣà ní ará Switzerland kan, Jacob Bernoulli, ló rí èyí ní 1683, nígbà tó ń ronú lórí èlé. Mo rántí àwọn ẹlẹ́yàáwó orí fóònù tó ń kà á lójoojúmọ́. Kíkà lójoojúmọ́ nìkan kọ́ ló ń pa wá, iye tí wọ́n ń gé lé wa gan-an ni.

Ọjọ́ tó ṣe owó-orí, ariwo sọ ní kíláàsì. Gbogbo wa ló gbà pé nínú òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, tí owó ọdún kan tí wọ́n máa ṣírò owó-orí lé fún ẹ bá ti fi náírà kan kọjá ₦800,000, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa gé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Rárá o. Èyí tó lé nìkan ni. Ẹni tó ní ₦801,000, ₦150 ni tirẹ̀. Ìlà yẹn tẹ̀ sókè ní ₦800,000, àmọ́ kò já, o lè fà á láìgbé bírò. Mo délé, mo ṣàlàyé fún ọkọ mi. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo yà á fún un sẹ́yìn páálí ìpápánu.

Ó kù díẹ̀ káàtó. Hándáàtì náà, ìbéèrè rẹ̀ dùn, ìdáhùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló burú. Nínú ogójì, méje ni mo rí tí kò tọ̀nà. Ìbéèrè kẹrìnlá ni ká wá límíìtì (x² − 9) ÷ (x − 3) nígbà tí x ń lọ sí 3. Ẹ̀yìn ìwé ní "kò sí". Mo fi 2.9 sí i, ó fún mi ní 5.9. Mo fi 3.1 sí i, ó fún mi ní 6.1. Mẹ́fà ni, àní mẹ́fà! Tíṣà ní typist ló fà á. Typist tó wà nísàlẹ̀ ní òun kì í ṣírò, ohun tí wọ́n bá kọ fún òun lòun ń tẹ̀. Títí tí mo fi parí, wọn ò tún un tẹ̀, ₦1,500 náà ni wọ́n ṣì ń gbà.

Ọmọkùnrin kan tún bi tíṣà léèrè ohun kan tí kò dáhùn dáadáa. Tíṣà ya èrè oníbúrẹ́dì, àádọ́ta búrẹ́dì jẹ́ àdánù ₦3,000, ọgọ́fà jẹ́ èrè ₦1,200, ó ní dandan ni kí ibì kan wà láàárín tí kò ti sí èrè tí kò sí àdánù. Ọmọ náà ní, "Tíṣà, ṣé a lè ta búrẹ́dì kan àti ìdá mẹ́ta?" Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá. Kò yẹ kó kọjá. Gaàrí ni a lè fi dérícà wọn ní ìdajì àti ìlàrin, ti búrẹ́dì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà tí a fà láìjá yẹn, ìrọ̀rùn lásán ni.

Àga ibẹ̀ le. Ẹ mú fìlà tàbí gèlè yín jókòó lé. Tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, torí ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ kì í tan án fún èèyàn tó kéré sí mẹ́wàá.

Mo ti fi bírò pupa tún méjèèje ṣe sẹ́yìn hándáàtì tèmi. Ẹ wá yà á ní fótò lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ẹ má wá láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ìgbà yẹn ni èrò ń pọ̀.